Bí Mo Ṣe Fi Hóró Àgbàdo Ka Ìjókòó Àwọn Ẹgbẹ́ Ìjọba ní Benin

Nígbà tí wọ́n kéde èsì ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Orílẹ̀-èdè Benin, èyí tí wọ́n dì ní ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, àwọn àgbà tí mo ń kọ́ ní ìwé kíkà ní ìrọ̀lẹ́ ní Pọ́bẹ̀ ní kí n ṣàlàyé ohun tí àwọn ń gbọ́ lórí rédíò. Ó yé wọn pé ẹgbẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn Ààrẹ Patrice Talon ló kó ìjókòó tó pọ̀ jù. Ohun tí kò yé wọn ni ìdí tí ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń ti ẹnì kan ṣoṣo lẹ́yìn fi tún ń bá ara wọn du ìbò ní àdúgbò kan náà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni.

Ọ̀rọ̀ tí màá lò ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Àwọn tó ń sọ Faransé a máa pe gbogbo àwọn tó wà níhà ìjọba ní «mouvance», ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ kan, ì báà jẹ́ ogún. Mo pè é ní agbo ìjọba. Lẹ́yìn náà ni mo wá ya àjọṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ìdàpọ̀: àjọṣe dà bí ìgbà tí àwọn ìyá ọlọ́jà bá dá owó ọkọ̀, tí oníkálùkù ṣì mọ ẹrù tirẹ̀, ìdàpọ̀ sì dà bí ìgbà tí wọ́n bá da owó òwò pọ̀ tí wọ́n sì ń tà lórí àtẹ kan. Mo ṣì gbà pé ìyàtọ̀ yìí ni ìdajì iṣẹ́ náà.

Mo wá padà sí ọdún 2007, nítorí pé àpẹẹrẹ àjọṣe tó mọ́ kedere jù wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2006 ni Yayi Boni wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ láìní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó tì í lẹ́yìn kóra jọ sábẹ́ orúkọ kan, FCBE, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Agbára Owó Ẹyọ fún Benin Tó Ń Gòkè, wọ́n sì jọ lọ síbi ìbò aṣòfin ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2007. Wọ́n gba ìjókòó 35 nínú 83. Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó di 42 kí ilé tó wà ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti wá alájọṣe mìíràn kí Mathurin Nago tó di olórí ilé. Ní 2011, wọ́n gba 41, ó ku ẹyọ kan. Ní 2015, wọ́n bọ́ sí 33, Adrien Houngbédji tí Yayi Boni ti fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ ní 2006 ló sì jókòó sórí àga olórí ilé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), níbi tí ilé aṣòfin wà.

Mo gé páálí, mo fi rúlà fa àpótí 83 sí i fún ọdún kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi tàdáwà kùn wọ́n. Ọdún 2019 kò fún mi ní wàhálà: ẹgbẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn Talon nìkan ló dé orí ìwé ìbò, Union Progressiste gba 47, Bloc Républicain gba 36, kò sí alátakò kankan nínú ilé. Nígbà tí mo dé 2023 ni mo tó rí i pé mo ti ba páálí jẹ́. Ìjókòó ti di 109, nítorí pé 83 àtijọ́ ti di 85, wọ́n sì fi 24 kún un fún àwọn obìnrin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí èyí, mo ti fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun ẹgbẹ́ méjèèjì ti 2019, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń béèrè gan-an ni ìdí tí wọ́n fi jẹ́ méjì. Mo ya páálí náà sọ nù, mo lọ bu àgbàdo àti ẹ̀wà nínú ilé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo da hóró sórí tábìlì: àgbàdo 53 fún Union Progressiste le Renouveau (orúkọ tuntun tí Union Progressiste ń jẹ́), ẹ̀wà pupa 28 fún Bloc Républicain, ẹ̀wà funfun 28 fún Les Démocrates tí wọ́n jẹ́ alátakò. Mo ṣàlàyé pé òfin ẹgbẹ́ òṣèlú ti ọdún 2018 ní kí ẹgbẹ́ kan tó fìdí múlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní olùdásílẹ̀ 15 ó kéré tán nínú ìjọba ìbílẹ̀ 77 kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 1,155 lápapọ̀. Òfin ìbò ìgbà náà sì ní kí ẹgbẹ́ tí kò bá rí 10 nínú 100 ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè má pín nínú ìjókòó. Àwọn kéékèèké tó yí Talon ká kò lè máa pín owó ọkọ̀ bíi ti 2007 mọ́, wọ́n ní láti da owó òwò pọ̀. Àwọn aṣáájú wọn kò wá gbà láti wọ inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ìyẹn ló bí àtẹ méjì. Ẹgbẹ́ Houngbédji pàápàá wọnú ọ̀kan nínú wọn ní 2022. FCBE tí ń ṣe agbo ìjọba nígbà kan dá lọ ní 2023, kò sì rí hóró kan mú.

Bàbá kan tó ti jẹ́ télọ̀ rí tọ́ka sí ẹ̀wà méjèèjì. Ó ní ìbò Bloc Républicain jẹ́ 29.23 nínú 100, ti Les Démocrates jẹ́ 24.02, báwo ni iye hóró wọn ṣe wá dọ́gba? Mo dáhùn pé ẹkùn ni wọ́n fi ń pín in, pé Pọ́bẹ̀ àti Kétu jọ jẹ́ ẹkùn kejìlélógún, àti pé ibi tí ìbò ẹgbẹ́ kan bá ti fọ́n ká, ó lè pọ̀ lápapọ̀ kó má sì kún inú igbá kankan. Bàbá ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbà á.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà ló wá béèrè pé, «Tíṣà, mélòó ni wọ́n nílò kí wọ́n tó lè yí ìwé òfin ńlá padà?» Mo ní kí wọ́n tó lè gbé àbá bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò rárá, ó di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyẹn 82. A ka àgbàdo àti ẹ̀wà pupa pọ̀, ó jẹ́ 81. Mo mú hóró àgbàdo kan láti inú àwo, mo fi í lélẹ̀ lọ́tọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan tábìlì.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n gbé àbá àtúnṣe ìwé òfin náà wá síwájú ilé, ó sì ṣubú. Ní alẹ́ tó tẹ̀ lé e, màmá náà ní kí n tún da hóró sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ìbò tó gbè é kò tiẹ̀ tó 81. Ó wo tábìlì fún ìgbà díẹ̀, ó ṣa díẹ̀ nínú àgbàdo àti díẹ̀ nínú ẹ̀wà pupa, ó sì tì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní, «Àwọn wọ̀nyí ńkọ́, Tíṣà? Ṣé inú agbo ni kí n ṣì kà wọ́n sí?»