Wáàtì márùn-ún láti orí òkè Ìràgbìjí: bí a ṣe bá Ítálì àti Bràsíl sọ̀rọ̀

Ní ilé mi l'Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, ariwo ni rédíò amateur mi, èyí tí mo fi ń bá àwọn ará òkè òkun sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn, ń gbọ́ ju ohùn ènìyàn lọ. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò, ìnfátà àwọn tó gbé sólà sórílé, ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú, gílóòbù LED, gbogbo wọn ló ń tú ariwo sí afẹ́fẹ́. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọwọ́ míta tó ń wọn agbára ohun tí rédíò mi ń gbọ́ kì í kúrò lórí S7. Ẹni tó bá ń pè mí láti Spéìn nígbà náà dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta.

Ìdí tí mo fi ń gbé rédíò gun òkè nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gíga òkè ló ń gbé ohùn wa dé òkè òkun. Gíga náà ń ṣèrànwọ́, pàápàá lórí VHF (ìgbì tó sábà máa ń lọ tààrà), ṣùgbọ́n fún ọ̀nà jíjìn lórí HF (ìgbì tó lè fò dé òkè òkun), ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ni mò ń wá lọ. Lórí òkè tí a gùn ní Ìràgbìjí, S1 ni ọwọ́ míta wà. Ipele mẹ́fà ló wà láàárín S7 àti S1, ìlọ́po mẹ́rin agbára sì ni ipele kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi fi 4 sọ 4 di púpọ̀ títí yóò fi pé mẹ́fà: ó lé ní 4,000. Kò sí ẹ̀rọ tí mo lè fowó rà tí yóò la etí mi tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ti ní ètò tiwọn, Summits on the Air, tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2002. Òfin wọn bọ́gbọ́n mu. Ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi gbé ẹrù débẹ̀. O kò gbọdọ̀ jókòó sínú mọ́tò sọ̀rọ̀, o kò sì gbọdọ̀ lo jẹnẹrétọ̀. Ibi tí o bá jókòó sí kò gbọdọ̀ fi ju mítà 25 lọ sílẹ̀ sí góńgó òkè. Ẹni mẹ́rin, ó kéré tán, ni wàá bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fún ọ ní máàkì òkè náà. Èmi kò wá máàkì kankan, síbẹ̀ òfin yẹn ni mo tẹ̀lé.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo yàn. Ní ìgbà òjò, mànàmáná máa ń dún fọ́fọ́ nínú rédíò, mi ò sì ní fi wáyà gígùn lọ́wọ́ dúró lórí àpáta nígbà tí ààrá bá ń sán. Èmi àti àbúrò mi wọ mọ́tò ní Òṣogbo, a gba Ìkìrun dé Ìràgbìjí. Ìwé àṣẹ tí NCC fún mi wà lápò, pẹ̀lú orúkọ ìpè mi tó fi 5N, àmì Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ wa lónìí, ẹni tó bá gbé wáyà àti bátìrì wọ inú igbó gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé ara rẹ̀.

A kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà tí oko wọn wà nísàlẹ̀ òkè. Bàbá kan wo ẹrù wa títí, ó ní, “Ṣé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ fẹ́ wá rì ni?”

Mo dọ̀bálẹ̀. “Rárá o, Bàbá. Rédíò la fẹ́ fi bá àwọn ará òkè òkun sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó ti kó ẹrù wa kúrò.”

Ó súre fún wa, ó sì ní kí ọmọ-ọmọ òun mú wa gba ọ̀nà tí àpáta kò ti yọ̀. Ọmọ náà ló bá wa gbé ọparun tí Bàbá yá wa, tí a ṣèlérí láti dá padà.

Wáyà kan ṣoṣo ni àńtẹ́nà mi. Ẹ fi 14.2 MHz pín 142.5, nọ́ńbà tí a fi ń ṣírò ìdajì ìgbì, ẹ ó rí mítà 10 àti díẹ̀: gígùn wáyà náà nìyẹn. Orí kan ni mo ti ń fún un ní iná, láti inú tiransifọ́mà 49:1 kékeré tí mo fúnra mi wé. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé wáyà kan náà ń ṣiṣẹ́ lórí 28 MHz láìjẹ́ pé mo gé e tàbí so nǹkan mọ́ ọn. A gbé orí kan sókè ọparun, a fà á wálẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Èèkàn kò lè wọ àpáta, nítorí náà òkúta ńláńlá la so okùn mọ́. SWR rẹ̀, ìwọ̀n bí àńtẹ́nà àti rédíò ṣe bára mu, kò dé 1.5 lórí 14 MHz àti 28 MHz. Bátìrì lithium onífóltì 12 ló kù, àti rédíò tí mo fi sí wáàtì 5.

Ọ̀sán ni, mo sì bẹ̀rẹ̀ lórí 28 MHz. Oòrùn ọ̀sán máa ń mú kí ìpele ìsàlẹ̀ ionosphere (apá òkè afẹ́fẹ́ tó ń dá ìgbì rédíò padà) gbé ìgbì tó gùn mì, ṣùgbọ́n 28 MHz ń kọjá dé ìpele F2 tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 300 lókè, ibẹ̀ ló ti ń yí padà sílẹ̀ ayé. Ìfò kan lè tó kìlómítà 4,000, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ítálì àti Spéìn sì wà nínú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Mo kọ́kọ́ gbọ́ bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Mo béèrè. Kò sẹ́ni. Mo wá pe CQ, ìyẹn ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́.

Ará Ítálì kan ló kọ́kọ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ó fún mi ní 55, mo fún un ní 59: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni bí ohùn ṣe yéni tó, ìkejì ni agbára rẹ̀. Kó tó parí, àwọn mìíràn ti ń pariwo orúkọ ìpè wọn lé ara wọn lórí, nítorí 5N kì í fi bẹ́ẹ̀ dún lórí afẹ́fẹ́, àwọn tó ń kó orílẹ̀-èdè jọ sì ń wá a lójú méjèèjì. Lẹ́tà méjì tí mo bá gbọ́ ni mo máa ń dì mú: “Echo Alfa (ìyẹn E àti A), tún un pè.” Àwọn yòókù á dákẹ́, ará Spéìn náà á sì pe orúkọ rẹ̀ tán. Sùúrù yẹn dùn mọ́ mi nínú púpọ̀. Àbúrò mi ń kọ, ọmọ tó mú wa gòkè fi íápíìsì kan sétí.

“Ẹ̀gbọ́n, káàdì mélòó lẹ rà síi?”

“Kò sí káàdì níbẹ̀, ọmọ. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e.”

Nígbà tí oòrùn ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, Yúróòpù rọra ń pa rẹ́, Bràsíl sì ń yọ. Láti ọ̀dọ̀ wa dé etíkun ìlà oòrùn wọn ju kìlómítà 4,500 lọ, ìfò kan kò lè tó o. Ìgbì náà ní láti fara kan òkun Àtìláńtíìkì kó tó tún gòkè, omi iyọ̀ sì máa ń dá a padà dáadáa. Ará Bràsíl kan dáhùn, ó fẹ́ kí n tún orúkọ ìpè mi pè. Mo pè é lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó pè é padà pátápátá, ó sì fi “73”, ìkíni ire àwọn oní-rédíò, kí mi. Wáàtì 5 náà ni.

A tú wáyà, a dá ọparun padà fún Bàbá gẹ́gẹ́ bí a ti ṣèlérí. UTC, aago àpapọ̀ àgbáyé, ni àbúrò mi fi kọ gbogbo àkókò, ìyẹn wákàtí kan sẹ́yìn aago wa, nítorí tí àkókò kò bá bára mu, ẹni tó wà ní Ítálì kò ní lè fìdí ìpè náà múlẹ̀. Mo fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Tí a bá tún lọ, òwúrọ̀ la ó gùn ún, nígbà tí ọ̀nà Japan máa ń ṣí lórí 21 MHz.