Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń tàn lójú rédà ni omi

Ìlà dúdú kan tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí agboòrùn tí wọ́n ṣí, ó dúdú ju gbogbo ohun tó yí i ká lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi rédà wo abẹ́ odò yìnyín, ìyẹn yìnyín ńlá tó ń rọra wọ́ sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, á ti nàka sí i pé, "Omi rèé!" Bóyá ni. Ohun tí rédà sọ ò ju pé ìgbì rédíò tó rán wọlẹ̀ bá ohun kan tí kì í ṣe yìnyín pàdé, ó sì ta padà. Kí ni ohun náà? Èyí kò sí lẹ́nu rédà.

Lóòótọ́, omi máa ń tàn gan-an, ìyẹn ni pé ó máa ń ta ìgbì padà pẹ̀lú agbára. Níbi tí yìnyín ti pàdé omi, gíga ìgbì tó ń padà lè tó ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó lọ. Ṣùgbọ́n ihò tí afẹ́fẹ́ nìkan wà nínú rẹ̀ náà ń tàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrẹ̀ tó rin gbindin lórí àpáta. Ẹ wo ìrísí ìgbì náà dáadáa: omi máa ń yí i dojú dé, ohun tó yẹ kó gòkè á sọ̀ kalẹ̀; ihò afẹ́fẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ní kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo rẹ̀ di títàn àti àìtàn kó tó wò ó, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ nu ẹ̀rí yẹn nù.

Àwọn ará Faransé mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní July 1892, omi tó fara pamọ́ sínú odò yìnyín Tête Rousse, lára òkè Mont Blanc, bú jáde, ó pa èèyàn 175 ní Saint-Gervais. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ibẹ̀ wò ní 2007, rédà fi ibi tó yẹ kí wọ́n fura sí hàn wọ́n. Wọn ò torí ìyẹn kéde pé omi ti wà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ míì lọ, èyí tó ń lo irú ọgbọ́n tí MRI ilé ìwòsàn ń lò, tí omi tí kò dì nìkan máa ń dá lóhùn, yìnyín kì í dá a lóhùn. Wọ́n tún lu ihò wọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ pé omi tó tó nǹkan bí 55,000 kúbíìkì mítà ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fa ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ jáde ní 2010.

Àṣìṣe kejì wà nínú ìṣirò. Nínú yìnyín, ìgbì rédà ń sá mítà 168 ní microsecond kan, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Nínú afẹ́fẹ́, 300. Nínú omi, bí i 33 péré. Ká ní ìgbì kan padà dé lẹ́yìn microsecond méjì. Tó bá jẹ́ inú yìnyín ló gbà, jíjìn ibẹ̀ jẹ́ mítà 168, torí àlọ àti àbọ̀ la kà. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ojú afẹ́fẹ́ ló gbà, tó lọ kọlu ògiri òkè tó wà ní mítà 300 sí ẹ̀gbẹ́ yín. Bó ṣe tẹ̀ ló máa tú u fó, torí eré tó sá wà nínú bí agboòrùn yẹn ṣe ṣí tó. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kọ "ìsàlẹ̀" sí i.

Ẹ má torí pé ẹ fẹ́ àwòrán tó mọ́ gbé èríàlì 100 MHz, tí ìgbì rẹ̀ ń mì ní ìgbà ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lọ sórí yìnyín àwọn òkè Alps ní Yúróòpù. Omi wẹ́wẹ́ tó wà káàkiri inú yìnyín yẹn á tú ìgbì ká, á dà bí ẹni tó tan tọ́ọ̀ṣì sínú kùrukùru. Lórí odò yìnyín Rhone ní Switzerland, 25 MHz ni àwọn ará yunifásítì ETH Zurich lò. Ìgbì 25 MHz kan gùn tó mítà mẹ́fà àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ nínú yìnyín, nítorí náà ẹ má fojú lásán wo àwòrán rẹ̀ kí ẹ sọ pé ọ̀nà omi kan ga tó sẹ̀ǹtímítà báyìí.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni kí èèyàn wọ́ rédà gba ibi méjì tó jìnnà síra, kó rí àmì kọ̀ọ̀kan, kó wá fa ìlà pọ̀ mọ́ wọn, kó pè é ní odò. Ẹ dábùú ọ̀nà omi náà, ẹ má bá a lọ gbọọrọ, ẹ jẹ́ kí àwọn ìlà yín súnmọ́ra. Ẹ má sì rò pé ibi tí àpáta bá dà sí ni omi máa gbà. Àwọn àgbà ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, àmọ́ tí yìnyín bá tẹ omi mọ́lẹ̀, ó ń gun òkè. Bí ojú yìnyín ṣe dà gẹ̀rẹ́ lágbára lórí omi yẹn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá bí àpáta abẹ́ rẹ̀ ṣe dà. Máàpù tí kò ní gíga ojú yìnyín nínú kò tíì parí.

Ó ku ti àsìkò. Láti 1972 ni Hans Röthlisberger, onímọ̀ nípa odò yìnyín, ti ṣàlàyé bí omi ṣe ń yọ́ ọ̀nà sínú yìnyín, tí ìwúwo yìnyín náà sì ń fún ọ̀nà yẹn pa. Ìgbà òtútù ló rọrùn jù láti wọ́ rédà, torí yìnyín dì, òjò dídì sì ti bo ojú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún ń bo àwọn lílà tó lè gbé èèyàn mì. Ìgbà yẹn gan-an sì ni omi kì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Ní Rhone, ọ̀nà tó tàn yòò nígbà ooru ṣá tán nígbà òtútù. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan ní March, ẹ fi GPS sàmì sí ìlà yẹn, kí ẹ tún padà gbà á ní August.