Ẹ Má Kánjú Sọ Ohun Tí Ẹ Rí Lórúkọ: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Tí À Ń Ṣe Àṣàrò

Ìdájí ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Mo jókòó sórí ẹní, mo di ojú, mo sì ń mí gúlegúle bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, nítorí ẹnì kan ló sọ fún mi pé bí èémí bá ṣe le tó ni ẹ̀mí á ṣe yára sọ̀ kalẹ̀ tó. Kò pẹ́ tí ìka ọwọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Ètè mi ń gbọ̀n, orí mi fúyẹ́, ìmọ́lẹ̀ funfun kan sì là níwájú mi. Mo bú sẹ́kún. Ó dá mi lójú pé Ọlọ́run ló fọwọ́ bà mí.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, mo ti ròyìn rẹ̀ fún èèyàn mẹ́ta, mo sì ti sọ fún ẹnì kẹta pé kó má gba iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ̀ ọ́, pé a ti fi hàn mí pé kò sí ire níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó gbà mí gbọ́, ó kọ iṣẹ́ náà. Ó ju ọdún kan lọ kó tó rí òmíràn, kò sì bá mi jà rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mi ò kọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu àṣàrò. Ojoojúmọ́ ni mo ṣì ń jókòó, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ohun tí èèyàn bá pàdé nínú ìdákẹ́jẹ́ ara rẹ̀ lè tún ayé rẹ̀ ṣe ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ. Nítorí pé ó níye lórí ni mo ṣe ń bẹ̀rù irú ọwọ́ tí a fi ń mú un. Nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi fúnra mi ti ṣe púpọ̀. Àwọn yòókù, mo rí wọn lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ń rìn.

Ẹ má gbà pé gbogbo ohun tí ara bá ṣe ni ẹ̀mí ṣe

Ohun tó ṣe mí ní ìdájí ọjọ́ yẹn, ara ló ṣe é. Bí èèyàn bá ń mí kíákíá ju bí ara ṣe nílò lọ, afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín kù. Bó bá ti dín kù, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sínú ọpọlọ á sún kì, orí á fúyẹ́, òòyì á fẹ́ máa kọ́ni. Àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára á sì máa ta gìrì láìnídìí, pàápàá ní ìka ọwọ́ àti yí ètè ká. Ẹni tí ẹ̀rù bà gan-an náà máa ń rí i bẹ́ẹ̀, láìṣe àṣàrò kankan.

Bákan náà ni ẹsẹ̀ tí a ká jókòó lé fún wákàtí kan: iṣan ibẹ̀ la tẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ló fi kú tí a ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Àwọ̀ tó ń yí, tó ń tàn lẹ́yìn ìpéǹpéjú tí a pa dé, ojú àti ọpọlọ ló ń ṣe é fúnra wọn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ìta ò wọlé. Ní bèbè oorun, èèyàn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó lè rí ojú ẹni tí kò mọ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì lè ta kìjí bí ẹni tó já bọ́ láti òkè. Ẹni tó bá ti ń gbààwẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́ tí kò sì sùn dáadáa, tirẹ̀ á tún pọ̀ sí i.

Teresa ti Ávila mọ èyí dáadáa. Obìnrin ará Sípéènì ni (1515–1582), ó fi gbogbo ayé rẹ̀ fún àdúrà, òun fúnra rẹ̀ sì ríran púpọ̀. Nínú ìwé tó kọ ní 1577 fún àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ìgbé ayé ìsìn, ó sọ nípa ẹnì kan tó máa ń wà bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti lọ fún wákàtí mẹ́jọ gbáko. Kò dákú, kò sì mọ ohunkóhun nípa Ọlọ́run níbẹ̀. Àárẹ̀ ara ni. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, tó ń jẹun, tó sì dín ìfìyàjẹ-ara kù, nǹkan náà fi í sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Pé ara dá sí ọ̀rọ̀ kan kò sọ ọ́ di asán. Ìfẹ́ náà ń mú àyà lù kìkì, kò sì sẹ́ni tó sọ pé nítorí bẹ́ẹ̀ kò sí ìfẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé mo sùn? Ìgbà wo ni mo jẹun kẹ́yìn? Báwo ni mo ṣe ń mí? Bó bá jẹ́ pé èémí ló yá jù, ẹ fi imú mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí èyí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ, kí ẹ sì wo ohun tó kù lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tó bá kù yẹn, ó yẹ ní bíbá jókòó.

Ẹ má sáré lé ìran

Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tó ń tọ ọ̀nà Zen ní Japan ní orúkọ fún àwòrán, ohùn àti ìmọ́lẹ̀ tó máa ń yọ sí ẹni tó jókòó. Makyo ni wọ́n ń pè é. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé e wá pẹ̀lú ayọ̀, ohun tí olùkọ́ sábà máa ń sọ fún un ni pé kó fi í sílẹ̀, kó padà sídìí èémí rẹ̀. John of the Cross (1542–1591), tí òun àti Teresa jọ ṣiṣẹ́, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní kí èèyàn má dì mọ́ ìran kankan, kódà kó jẹ́ ti Ọlọ́run, nítorí èyí tó bá jẹ́ ti Ọlọ́run ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọkàn kí ẹni náà tó ráyè rò ó bóyá kí òun gbà á.

Ìtàn kan tún wà láàárín àwọn baba Kristẹni tó lọ ń dá gbé inú aṣálẹ̀ láyé àtijọ́ nítorí àdúrà, mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Sàtánì gbé àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọ̀, ó yọ sí àgbà kan, ó ní, "Èmi ni Gébúrẹ́lì, wọ́n rán mi sí ọ." Àgbà náà dáhùn pé, "Tún wò ó dáadáa, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n rán ọ sí. Èmi ò tó ẹni tí à ń rán áńgẹ́lì sí." Bó ṣe pòórá nìyẹn.

Ẹni tó bá sì rí ayọ̀ ńlá lónìí, á fẹ́ jókòó lọ́la láti rí i gbà padà. William James, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó wádìí irú ìrírí báyìí, kíyè sí i pé wọn kì í pẹ́: nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, ó pẹ́ tán, wákàtí kan sí méjì. Mo mọ àwọn tó pa àṣàrò tì nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ẹ má rò pé kí orí ṣófo ni iṣẹ́ náà

"Èmi ò lè ṣe é, ọkàn mi kì í gbé ojú kan." Kò sí ọkàn tó ń gbé ojú kan. Ní 2001, Marcus Raichle, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé àwọn apá kan wà nínú ọpọlọ tó jẹ́ pé ìgbà tí èèyàn kò bá gbájú mọ́ nǹkan pàtó ni iṣẹ́ wọn máa ń pọ̀ sí i. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé ọkàn ti lọ, tí ẹ sì rọra mú un padà láìbú u, àṣàrò nìyẹn. Bó bá lọ nígbà ọgọ́rùn-ún, ẹ mú un bọ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má fi ohun tí a fi hàn yín de ẹlòmíràn

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ jù rèé.

Nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí James ṣe ní Edinburgh láàárín 1901 sí 1902, ọ̀rọ̀ méjì ló fi lélẹ̀ tí mi ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkíní ni pé ẹni tí irú ìrírí bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ní ẹ̀tọ́ láti gbà á gbọ́, àríyànjiyàn ò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé kò di dandan fún ẹni tó wà níta láti gbà á láìyẹ̀ ẹ́ wò. Èkíní dùn mọ́ gbogbo wa. Èkejì la máa ń jù sẹ́yìn.

Ẹ wo gbólóhùn náà fúnra rẹ̀: "A fi hàn mí." Ká ní mo sọ pé "Mo rò pé" ni, ọ̀rẹ́ mi ì bá lè dá mi lóhùn pé òun ò rò bẹ́ẹ̀. Ká ní mo sọ pé "Ẹ̀rù ń bà mí pé iṣẹ́ yìí á gbé ọ jìnnà sí mi," òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ì bá jẹ́, nítorí ìlú mìíràn ni iṣẹ́ náà wà, òun nìkan sì ni mo ní bí ọ̀rẹ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n mo gbé orúkọ Ọlọ́run wọ ẹ̀rù ara mi bí aṣọ. Ta ni yóò bá aṣọ yẹn jà? Ọdún mẹ́ta kọjá kí n tó lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Ẹyin lọ̀rọ̀, èmi ni mo jù ú sílẹ̀, òun ló ń ṣà á.

Ìtàn Sámúẹ́lì ọmọdé máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ó gbọ́ ohùn lóru, ó sáré tọ Élì lọ, ó rò pé òun ló ń pe òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ. Ọmọ ò mọ ohùn tó ń gbọ́, àgbà fúnra rẹ̀ ò sì tètè mọ̀. Nígbà tó wá yé Élì, kò sọ fún ọmọ náà ohun tí yóò gbọ́. Ohun tó sọ ò ju pé kó padà lọ dùbúlẹ̀, kó sì ní òun ń gbọ́. Sámúẹ́lì gbọ́ tán, ó dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé Olúwa, ẹ̀rù sì ń bà á láti sọ ọ́. Élì ló pè é, ló bi í. Èmi ní tèmi, kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹnu mi ló yá.

Bó bá wá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n gbé ìran wá bá, ẹ ṣe bí Élì. Ẹ má túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n padà lọ gbọ́ ọ dáadáa.

Ẹ má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú tiyín

Lẹ́yìn tí ojú tì mí, mo ṣubú sí òdìkejì. Mo ń kàwé, mo ń kó àlàyé jọ, mi ò jókòó mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun rí nǹkan, màá ti ṣàlàyé afẹ́fẹ́ àti iṣan fún un kó tó parí ọ̀rọ̀. Àṣìṣe nìyẹn náà, kò sì kéré sí ti àkọ́kọ́.

Al-Ghazali (1058–1111) jẹ́ olùkọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Baghdad. Ní 1095, ó fi ipò náà sílẹ̀, ó jáde lọ. Ó ti ka ìwé àwọn Súfì, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tó ń wá bí ọkàn wọn ṣe máa sún mọ́ Ọlọ́run, ó sì rí i pé ohun tó kù kò ṣeé kà, àfi kéèyàn tọ́ ọ wò. Àpẹẹrẹ tó lò nínú ìtàn ayé ara rẹ̀ ni pé kí èèyàn mọ ohun tí ìlera túmọ̀ sí yàtọ̀ pátápátá sí kí ara rẹ̀ le. Oníṣègùn tó ń ṣàìsàn mọ ìtumọ̀ ìlera, ó mọ ohun tó ń mú un wá, ó mọ oògùn rẹ̀, síbẹ̀ ara rẹ̀ ò yá. Mo ka ibẹ̀, mo sì rí ara mi.

Ẹ má sì fi tẹlòmíràn wọn tiyín. Ẹnì kan á rí ìmọ́lẹ̀. Ẹnì kejì á jókòó fún ogún ọdún láìrí nǹkan kan, àfi pé inú kì í tètè bí i mọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá ní kí n yan, ti ẹnì kejì ni màá yan.

Ẹ má dá fara da ẹ̀rù

Àṣàrò lè yí pa dà di ohun tó ń dẹ́rù bani. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Brown University ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tó le tó bá àwọn tó ń ṣe àṣàrò: ẹ̀rù tí kò lọ, àìróorun sùn, kí ara ẹni máa dà bí ti ẹlòmíràn. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ló fà á, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ "ìpele" tí ẹ gbọ́dọ̀ fi agídí là kọjá. Bó bá dé, ẹ dá ìjókòó dúró, ẹ sùn, ẹ sọ fún ẹni tó ní làákàyè, ẹ sì rí dókítà. Ẹni tó ń lo oògùn ọpọlọ kò gbọ́dọ̀ pa á tì nítorí pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nínú àṣàrò. Bí ohùn kan bá sì ń pàṣẹ pé kí ẹ ṣe ara yín tàbí ẹlòmíràn léṣe, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó má lọ ti ara rẹ̀ mọ́lé fún ọjọ́ 10 nígbà tí kò tíì lè jókòó fún ogún ìṣẹ́jú.

Mo ní ìwé kékeré kan báyìí. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, màá kọ ọjọ́ rẹ̀, iye wákàtí tí mo sùn, bóyá mo jẹun, lẹ́yìn náà ohun tí mo rí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i, láìfi ìtumọ̀ kankan kún un. Màá pa ìwé náà dé, mi ò sì ní ṣí ojú ewé yẹn títí oṣù yóò fi yí. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé bí mo bá padà kà á, mi ò ní rántí ìdí tí mo fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí mo kọ lẹ́yìn oorun wákàtí mẹ́jọ, èémí mi lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ìmọ́lẹ̀, kò sí ohùn. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo lọ bẹ ọ̀rẹ́ mi. Ohun tí mo gbọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, òun náà ò sì bi mí.