Bí mo ṣe yan kíbọ́ọ̀dù tí mo fi ń ta géèmù, tí mo tún fi ń ṣiṣẹ́

Ikú ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má fòyà, ikú inú géèmù ni. Mo ń sáré, mo ń yà sí òsì, mo tẹ spacebar kí n lè fo ògiri, ṣùgbọ́n ẹni mi ò fò. Wọ́n pa mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Ìka mi ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí ojú ìwé òfìfo kan lórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ Shift méjèèjì mọ́lẹ̀, n ò sì gbé ọwọ́ kúrò títí mo fi tẹ gbogbo lẹ́tà láti A dé Z. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò lórí tiyín. Lórí tèmi, lẹ́tà bíi mélòó kan ò jáde rárá. Ohun tó fà á ni pé nínú kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, àwọn bọ́tìnnì kì í dá wáyà ní. Wọ́n máa ń pín in lò, lóròó àti níbùú. Tí èèyàn bá tẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, kíbọ́ọ̀dù ò lè mọ èwo ni èwo mọ́, ó á yáa gbé ọ̀kan mì. Kò bàjẹ́ o. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá lára páálí kíbọ́ọ̀dù ni n-key rollover, tó túmọ̀ sí pé kò sí iye bọ́tìnnì tí mo tẹ̀ pọ̀ tí kò ní gbọ́.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní mechanical. Nínú kíbọ́ọ̀dù tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, rọ́bà ló wà lábẹ́ gbogbo bọ́tìnnì, àfi kí n tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀ kó tó gbọ́. Ní ti mechanical, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní switch tirẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń mọ̀ pé a ti tẹ̀ ẹ́, àti sípíríǹgì tirẹ̀. Cherry, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, ló sọ àwọ̀ tí a fi ń pe àwọn switch yìí di mímọ̀. Pupa máa ń lọ sísàlẹ̀ gbọọrọ láìkọsẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ máa ń ní gegele kékeré kan láàárín ọ̀nà, ìka á mọ̀ ọ́n. Búlúù ní gegele, ó sì tún ń pariwo. Mìlímítà 4 péré ni pupa ní láti lọ, ní mìlímítà 2 ló sì ti gbọ́, kò dúró di ìgbà tó bá kanlẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà ń ṣe irú ẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n pupa ti ẹnì kan lè le ju ti ẹlòmíì lọ.

Búlúù ni mo kọ́kọ́ rà, nítorí pé ohùn ẹ̀ wù mí. Ká-ká-ká bí òjò lórí páànù. Inú mi dùn fún ọjọ́ méjì. Ní òru ọjọ́ kẹta, àbúrò mi tí a jọ ń sun yàrá dìde jókòó lórí ibùsùn: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ẹ̀rọ ìlọta yìí.” Kò tiẹ̀ dáa fún géèmù náà. Lẹ́yìn tó bá ti dún ká, bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ gòkè dáadáa kó tó gbà pé mo ti gbọ́wọ́ kúrò, nítorí náà tí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó máa ń fò mí.

Mo yá pupa lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó dùn ún ta géèmù, kí n má parọ́. Ìwé kíkọ ló ti bà mí lójú jẹ́: ìka mi tó kàn sinmi lé e lórí á ti tẹ lẹ́tà tí n ò pè. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi kún fún “aa” àti “ss”.

Ti títóbi ò gbà mí lákòókò. Oníbọ́tìnnì 104 máa ń gba ibi tó yẹ kí eku kọ̀ǹpútà ti máa rìn. Oní 61 kéré jọjọ, ṣùgbọ́n kò ní bọ́tìnnì ọlọ́fà, àmì tí mo fi ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ sì ti lọ fara pamọ́ sábẹ́ bọ́tìnnì Fn, àfi kí n tẹ òun àti bọ́tìnnì mìíràn pọ̀ kó tó jáde. Ta ló fẹ́ máa tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta nítorí “à” kan? Oní 87 ni mo mú.

Èyí tí mo wá rà jẹ́ irú tí èèyàn lè fa switch inú ẹ̀ yọ, kó fi òmíràn sí i, láìjó òjé. Aláwọ̀ ilẹ̀ ló bá a wá. Mo ra pupa márùn-ún lọ́tọ̀, mo fi wọ́n sí W, A, S, D àti spacebar, àwọn tí mo fi ń rìn tí mo sì fi ń fò nínú géèmù. Gbogbo ìyókù wà bó ṣe wà.

D ò gbọ́ o. Mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Mo fà á yọ, mo yí ìdí ẹ̀ sókè: ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ bàbà méjì rẹ̀, tí kò nípọn ju èékánná lọ, ti ká pẹlẹbẹ mọ́ ìdí bí ẹni tó kúnlẹ̀. Ìkánjú ni mo fi tì í wọlé láìdọ́gba. Mo fi ẹ̀mú kékeré nà án padà díẹ̀díẹ̀, mo gbé e lé ihò náà lóòró, mo fi àtàǹpàkò tì í. Ó dún kọ́. D jáde.

Iná aláwọ̀ mèremère tó wà lára ẹ̀, mo ti pa á. Ike orí bọ́tìnnì tí lẹ́tà wà lára ẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ: irú ike tí wọ́n ń pè ní PBT ni mo yàn, torí irú kejì, ABS, máa ń tètè dán bí ẹni fi òróró pa á. Spacebar nìkan ló kù tó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ tí mo bá tẹ̀ ẹ́ létí. Wọ́n ní gíríìsì díẹ̀ lára irin tó gbé e ró ló máa pa á lẹ́nu mọ́. Mo ti ra gíríìsì náà, ó wà lórí tábìlì níbí, n ò tíì ṣí i.