Ẹ̀yin tó ń kó ọmọ lọ Bristol

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá dé ìdí SS Great Britain, ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ tí wọ́n fi irin kàn, ẹ má sáré gòkè. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ gíláàsì tí wọ́n da omi lé lórí bí òkun. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí irin ara ọkọ̀ tó ti dógùn-ún, tó ti lu jára. Ẹ̀rọ ló ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbẹ sí i kó má baà jẹ tán. 1843 ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọkọ̀ náà sómi. 1970 ni wọ́n wọ́ ọ láti erékùṣù Falkland padà síbi tí wọ́n ti kàn án gan-an.

Owó ìwọlé ò kéré o. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni M Shed, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Bristol, kò jìnnà síbẹ̀. Ère Colston, oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n wó lulẹ̀ ní 2020, wà níbẹ̀, ó nà gbalaja, ọ̀dà ṣì wà lára ẹ̀.