Èrò tó ń bọ̀ nígbà tí ọwọ́ ò dilẹ̀

Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe ní Òṣogbo. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ iṣẹ́ àtàwọn ojúlùmọ̀ ń bi mí jù kì í ṣe ti aró, ti èrò tó sá lọ ni.

Ìbéèrè: Àǹtí, orí ọ̀kadà ni àwòrán máa ń wá sí mi lọ́kàn, láàrin Òkè-Fíà sí Ọjà Ọba. Kí n tó sọ̀kalẹ̀, ó ti lọ.

Ìdáhùn: Má fa fóònù yọ lórí ọ̀kadà o. Nǹkan tuntun kì í pẹ́ lórí ẹni tí a ò bá tún un sọ. Ní 1959, tọkọtaya Peterson ní Amẹ́ríkà fún àwọn èèyàn ní lẹ́tà mẹ́ta, wọ́n ní kí wọ́n máa ka nọ́ńbà sẹ́yìn kí wọ́n má baà ráyè tún un sọ. Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú àáyá 18, ọ̀pọ̀ jù lọ ni ò rántí mọ́. Ihò títì àti fèrè mọ́tò ń ṣe ohun kan náà fún ẹ. Sọ èrò náà di ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kí o máa fi kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ títí wàá fi sọ̀kalẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ṣéńjì tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Inú aró lọwọ́ mi ń wà ní tèmi.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá mi. Mo ti fi ọwọ́ aláró gbé fóònù sétí rí. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúdú kiri. (Ní ìlú tí ìtàn ní Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ké pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.) Ẹ so àkísà aṣọ funfun kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́. Tí èrò bá dé, ẹ nu ọwọ́, ẹ ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ lááfún, ẹ fà á wéré. Kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ tó rì í mọ́ àwọn yòókù. Ibi tí ẹ̀kọ wà á yọ funfun.

Ìbéèrè: Mo kọ ọ́ sórí fóònù lóru, ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, kò yé mi.

Ìdáhùn: O ní ohun tó o kọ ni “igba funfun lori omi”. Ṣé igbá ni, àbí ìgbá tí a ń jẹ, àbí igba owó ẹyọ, àbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ? Ojú oorun kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Gbohùn ara ẹ sílẹ̀ dípò kíkọ. Kí o sì sọ ohun tó o rí àti ibi tó o fẹ́ fi sí: “igbá, ó dojú dé, ó léfòó, etí aṣọ ni.”

Àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an ò yọ níbẹ̀. Otto Loewi, ọmọ Jámánì, jí lóru, ó kọ èrò kan sórí bébà, ó padà sùn. Láàárọ̀, kò lè ka ohun tó kọ. Orí kó o yọ, èrò náà tún padà lóru kejì. Kò kọ nǹkan kan mọ́, ibi iṣẹ́ ló gbà lọ, ó dán an wò lára ọkàn ọ̀pọ̀lọ́. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1936. Tèmi kì í padà lóru kejì.

Ìbéèrè: Àwọn èrò tí mo tọ́jú ti pọ̀ jù lórí fóònù mi, mi ò lo ọ̀kankan.

Ìdáhùn: Yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ ìsinmi, kí o pa èyí tí kò bá sọ nǹkan kan fún ẹ mọ́ rẹ́. Èmi náà ní àkísà kan tí mo kọ “osi” sí, láìsí àmì kankan. Mi ò mọ̀ bóyá òsì ni àbí òṣì. Ó ṣì wà lórí ìṣó.