Bí mo ṣe kọ ìtàn ayé mi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi

Ọmọ-ọmọ mi kan ló bi mí pé, "Màmá, kí lẹ máa ń bẹ̀rù nígbà tẹ́ẹ wà ní kékeré?" Mo ní ajá ilé kejì ni, a jọ rẹ́rìn-ín. Àfìgbà tó lọ tán tí mo wá rí i pé èmi gan-an ò mọ ohun tí ìyá ìyá mi máa ń bẹ̀rù, orúkọ ẹ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ mi.

Mo bá gbé ìwé. Mo kọ ọdún tí wọ́n bí mi, mo kọ iléèwé, mo kọ ọdún tí mo ríṣẹ́, ojú ìwé 2 péré, ó tán. Nígbà tí mo kà á, ṣe ló dà bíi fọ́ọ̀mù àwọn tó ń wáṣẹ́. Mo pa á tì fóṣù méjì.

Àwòrán ló padà ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà. Mo ya ilé tá a gbé nígbà tí mo wà ní bí ọmọ ọdún 8, mi ò mọ àwòrán yà o, ìlà lásán ni, yàrá rèé, ibi tí bàbá mi máa ń jókòó rèé, ká tó wí ká tó fọ̀ mo ti ń gbọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó máa ń ké lóru, mo sì rántí ẹni tó fi ìbínú ta á nípàá títí tó fi là (ó wà nínú ìwé, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ níbí). Yàrá kan lóòjọ́, bí ìṣẹ́jú 20, mo dìde.

Ìgbà tí mo wà láàárín ọmọ ọdún 10 sí 30 ló kún jù. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, torí náà ẹ má dààmú tí ti 45 yín bá ṣófo.

Nígbà tọ́wọ́ ń ro mí, mo ń sọ ọ́ sínú fóònù, ọmọ mi obìnrin ń tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ máa tún èdè mi ṣe, mo ní rárá, bí mo ṣe sọ ọ́ ni kó wà, a ò sì pa ohùn náà rẹ́.

Mo pe àbúrò mi kó gbọ́ ọ. Èmi ní òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tá a kó kúrò nílé yẹn, òun ní oòrùn ni, a jiyàn títí, mo bá kọ méjèèjì. Ti ìjà èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ló le jù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ ọ́. Mo fa àkọ́kọ́ ya torí ìbínú ló kún inú ẹ̀, ẹ̀kẹta ni mo tó fi ohun témi náà ṣe sí i.

Ẹ má fi báírò kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò o, ó máa ń hàn sójú ẹ̀, ẹ̀ṣọ̀ẹ̀ṣọ̀ ni kẹ́ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ létí. A tẹ ìwé náà síta, ẹ̀dà kan nílé ọmọ kọ̀ọ̀kan, òmíì wà nínú flash.

Ọmọ tó bi mí léèrè ti kà á tán. Ó ní kí lorúkọ ajá yẹn? Mo pe àbúrò mi, òun náà ò rántí.